Ilé Ẹjọ́ Àtijọ́ Kan ní Ìpínlẹ̀ Alabama

Àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní, "Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà." Òwe yìí fi hàn wá pé ọ̀ràn ìdájọ́ kì í ṣe ọ̀ràn ẹnu adájọ́ nìkan. Ó kan ẹni tí a jẹ́ kí ó rojọ́, ó kan ẹni tí a yàn láti jókòó gbọ́ ọ, ó sì kan ibi tí a ti ń gbọ́ ọ. Nínú àròkọ yìí, a ó wo ilé ẹjọ́ kan tí ó wà ní ìgbèríko ilẹ̀ Amẹ́ríkà. A ó wo bí ilẹ̀ àti odò àgbègbè náà ti rí. A ó sì wo bí àwọn ará ibẹ̀ ti ń ṣe ìjọba ìbílẹ̀ wọn. Ilé náà lẹ́wà, òkìkí rẹ̀ sì kàn dé ọ̀nà jíjìn. Ṣùgbọ́n ìtàn rẹ̀ yóò kọ́ wa pé ẹwà ilé ẹjọ́ ọ̀tọ̀, òdodo tí ń ti inú rẹ̀ jáde ọ̀tọ̀.

Kí á tó lọ jìnnà, ó yẹ kí á mọ ohun tí à ń pè ní káúńtì. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà pín sí ìpínlẹ̀ 50. Púpọ̀ nínú àwọn ìpínlẹ̀ wọ̀nyí tún pín sí wẹ́wẹ́, àwọn ìpín wẹ́wẹ́ náà ni a sì ń pè ní káúńtì. Alabama, tí ó wà ní ìhà gúúsù, ní káúńtì 67. Káúńtì kọ̀ọ̀kan ní olú-ìlú tirẹ̀, níbẹ̀ ni ilé ẹjọ́ rẹ̀ sì máa ń wà. Bí ààfin ọba ti máa ń wà láàrín ìlú nílẹ̀ Yorùbá, tí ọjà ọba sì máa ń wà níwájú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ilé ẹjọ́ sábà máa ń wà ní gbàgede àárín olú-ìlú káúńtì, tí àwọn ilé ìtajà sì máa ń yí i ká. Káúńtì tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ ni Káúńtì Monroe. Olú-ìlú rẹ̀ ni Monroeville.

Ìhà gúúsù-ìwọ̀-oòrùn Alabama ni Káúńtì Monroe wà. Wilcox ni ó bá a pààlà ní àríwá, Butler àti Conecuh ní ìlà-oòrùn, Escambia ní gúúsù, Baldwin ní gúúsù-ìwọ̀-oòrùn, àti Clarke ní ìwọ̀-oòrùn. Odò Alabama ni ó la àárín Monroe àti Clarke kọjá. Ilẹ̀ káúńtì náà lé ní 1,000 máìlì onígun mẹ́rin, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn inú rẹ̀ kò pọ̀: nígbà tí a ka ènìyàn ní 2020, 19,772 ni iye wọn. Igbó igi páìnì bo ibi púpọ̀ níbẹ̀, iṣẹ́ gẹdú sì ti pẹ́ láàrín wọn. Láyé àtijọ́, òwú ni olórí ohun ọ̀gbìn. Àwọn ẹrú aláwọ̀ dúdú ni a fi ń gbìn ín, títí di 1865 tí òwò àti oko ẹrú fi dópin ní gbogbo ilẹ̀ Amẹ́ríkà.

Kí àwọn aláwọ̀ funfun tó wá tẹ̀dó síbẹ̀, àwọn ẹ̀yà Creek, tí wọ́n ń pe ara wọn ní Muscogee, ni ó ni ilẹ̀ náà. Ní 1813 àti 1814, ogun ṣẹlẹ̀ láàrín wọn àti Amẹ́ríkà. Nígbà tí ogun parí, àdéhùn tí a ṣe ní Fort Jackson ní oṣù kẹjọ ọdún 1814 gba ilẹ̀ tí ó tó nǹkan bí mílíọ́nù 23 éékà lọ́wọ́ wọn. Ní 1815, a dá Káúńtì Monroe sílẹ̀ lórí ilẹ̀ yìí, a sì fi orúkọ James Monroe pè é, ẹni tí ó di Ààrẹ Amẹ́ríkà ní 1817. Alabama fúnra rẹ̀ kò tíì di ìpínlẹ̀ nígbà náà; ọdún 1819 ni ó tó di ìpínlẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, Káúńtì Monroe tóbi lọ súà. Díẹ̀díẹ̀ ni a ń gé lára rẹ̀ láti fi dá àwọn káúńtì mìíràn sílẹ̀, títí ó fi mọ níwọ̀n tí ó wà lónìí.

Ní ayé ìgbà náà, odò ni ọ̀nà. Kò sí ọ̀nà ọlọ́dà, kò sì sí rélùwéè. Ọkọ̀ ojú omi ni ó ń kó òwú lọ sí ìlú Mobile létí òkun, òun náà ni ó sì ń kó ẹrù ọjà bọ̀. Nítorí èyí ni Claiborne, ìlú kan tí ó wà lórí òkè létí odò Alabama, fi di olú-ìlú káúńtì. Ìlú náà gbajúmọ̀. Ní 1825, Lafayette, ọ̀gágun ará Faransé tí ó ran Amẹ́ríkà lọ́wọ́ nígbà ogun òmìnira, yà síbẹ̀ nígbà tí ó ń rìn káàkiri ilẹ̀ náà. William Travis, tí ó kú sí ojú ogun Alamo ní Texas ní 1836, ti ṣe iṣẹ́ lọ́yà níbẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n etí kan ni Claiborne wà, kò sí láàrín. Ẹni tí ń gbé ní apá ìlà-oòrùn káúńtì ní láti rin ìrìn-àjò gígùn kí ó tó lè rojọ́, tàbí kí ó tó lè fi ìwé ilẹ̀ rẹ̀ sínú àkọsílẹ̀. Nítorí náà, ní 1832, a gbé olú-ìlú kúrò létí odò, a sì gbé e lọ sí Monroeville, tí ó súnmọ́ àárín. Láti ìgbà náà ni Claiborne ti ń rẹ̀yìn. Nígbà tí rélùwéè sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ odò, ìlú náà tú, ó di ahoro.

Ẹ jẹ́ kí á fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn. Àwọn ará ìgbà náà mọ̀ dájú pé ilé ẹjọ́ tí ó jìnnà sí ará ìlú kò lè ṣe wọ́n láǹfààní tó bí ó ti yẹ. A ó tún padà bá ọ̀ràn jíjìnnà àti sísúnmọ́ yìí níwájú.

Ní 1903 ni a kọ́ ilé ẹjọ́ tí òkìkí rẹ̀ kàn yìí sí gbàgede àárín Monroeville. Bíríkì pupa ni a fi mọ ọ́n. Ilé ìṣọ́ aago kan ga sókè lórí rẹ̀, orí ilé ìṣọ́ náà sì rí róbótó bí igbá tí a dojú rẹ̀ dé. Òkè pẹ̀tẹ́sì ni iyàrá ìgbẹ́jọ́ ńlá wà. Iyàrá náà kò ní igun mẹ́rin bí iyàrá mìíràn. Ṣe ni ògiri rẹ̀ tẹ̀ yípo bí ẹyin. Adájọ́ ń jókòó níwájú, àwọn lọ́yà wà níwájú rẹ̀, àwọn ará ìlú sì ń jókòó lórí àga gígùn lẹ́yìn wọn. Lókè wọn ni bákónì kan wà tí ó yí ẹ̀yìn iyàrá náà ká. Ní ayé tí òfin fi ń ya dúdú sọ́tọ̀ kúrò lára funfun, bákónì yìí ni àyè àwọn aláwọ̀ dúdú. Wọ́n lè wo ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò ní ọwọ́ nínú rẹ̀.

Bí a bá ń pe irú ilé yìí ní ilé ẹjọ́ nìkan, a kò tíì pè é tán, nítorí pé púpọ̀ nínú iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni a ń ṣe lábẹ́ òrùlé kan náà. Èkíní ni ìgbìmọ̀ káúńtì. Àwọn ni ó ń tún ọ̀nà àti afárá ṣe, àwọn ni ó ń pín owó káúńtì sí ibi tí ó yẹ, àwọn ni ó sì ń gbọ́ bùkátà ọgbà ẹ̀wọ̀n rẹ̀. Èkejì ni adájọ́ ọ̀ràn ogún. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni a ń mú ìwé ìhágún lọ nígbà tí ènìyàn bá kú. Ọ́fíìsì rẹ̀ ni a ti ń kọ ìwé ilẹ̀ sínú àkọsílẹ̀, ibẹ̀ náà ni a sì ti ń gba ìwé àṣẹ ìgbéyàwó tẹ́lẹ̀, títí di 2019. Òun náà sì ni olórí ètò ìdìbò ní káúńtì. Ọdún mẹ́fà mẹ́fà ni ó fi ń wà ní ipò. Ẹ̀kẹta ni ṣẹ́ríìfù, olórí àwọn ọlọ́pàá káúńtì, tí ó ń mú ọ̀daràn, tí ó sì ń ṣọ́ àwọn tí a há mọ́lé. Ọdún mẹ́rin mẹ́rin ni tirẹ̀. Àwọn mìíràn tún wà tí ń díye lé ohun ìní ènìyàn tí wọ́n sì ń gba owó-orí. Ní ti ẹjọ́ ńláńlá, adájọ́ kan náà tí ń gbọ́ ẹjọ́ Monroe ni ó ń gbọ́ ti Conecuh, nítorí pé àgbègbè ìdájọ́ kan ni káúńtì méjèèjì.

Ẹ má ṣe rò pé káúńtì lè ṣe ohunkóhun tí ó bá wù ú. Ní Alabama, agbára tí àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ bá fún káúńtì nìkan ni ó ní. Nítorí èyí, nǹkan kékeré tí ó kan káúńtì kan ṣoṣo a máa di ohun tí a ń torí rẹ̀ tún ìwé òfin gbogbo ìpínlẹ̀ ṣe. Òfin ìpilẹ̀ tí Alabama ṣe ní 1901 ni a ń tún ṣe báyìí, títí àtúnṣe rẹ̀ fi lé ní 900, kí a tó tò ó lẹ́sẹẹsẹ sínú òfin ìpilẹ̀ tuntun tí àwọn ará ìlú fi ọwọ́ sí ní 2022.

Ìbò ni a fi ń yan àwọn ìjòyè tí a kà sílẹ̀ wọ̀nyí. Ìbò ni ó ń fi ṣẹ́ríìfù jẹ, ìbò ni ó sì ń fi adájọ́ jẹ. Níhìn-ín gan-an ni ọ̀ràn wà. Bí ó bá jẹ́ pé láti inú ìbò ni gbogbo agbára yìí ti ń wá, ẹni tí a bá gba ìbò lọ́wọ́ rẹ̀ ti di aláìlẹ́nu nínú káúńtì tirẹ̀.

Ohun tí òfin ìpilẹ̀ 1901 ṣe sí àwọn aláwọ̀ dúdú nìyẹn. Ó ní ẹni tí yóò dìbò gbọ́dọ̀ san dọ́là kan àti ààbọ̀ lọ́dọọdún; bí kò bá san ti èṣí, gbèsè rẹ̀ ń ga sí i ni. Ó ní ó gbọ́dọ̀ mọ ìwé kà kí ó sì mọ̀ ọ́n kọ, tàbí kí ó ní ohun ìní tí ó tó iye kan. Ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ aláwọ̀ funfun ni a sì fi ìdánwò náà sí. Àwọn òtòṣì aláwọ̀ funfun náà pàdánù ìbò wọn, ṣùgbọ́n orí àwọn aláwọ̀ dúdú ni ìyà náà pọ̀ sí jù lọ. Ní 1900, àwọn aláwọ̀ dúdú tí ó ní ẹ̀tọ́ láti dìbò ní Alabama lé ní 180,000. Nígbà tí yóò fi di 1903, àwọn tí orúkọ wọn wà nínú ìwé ìdìbò kò pé 3,000 mọ́. Ọdún 1903 yìí kan náà ni a kọ́ ilé ẹjọ́ ẹlẹ́wà náà sí Monroeville.

Ọ̀ràn yìí kan ọmọ Yorùbá pẹ̀lú. Omi odò Alabama tí ó gba ẹ̀gbẹ́ Monroe kọjá ni ó pàdé odò Tombigbee, tí àwọn méjèèjì sì jọ ń ṣàn lọ sí Mobile. Ní 1860, lẹ́yìn tí òfin ti kọ kíkó ẹrú wọ Amẹ́ríkà fún ọdún tí ó lé ní 50, ọkọ̀ Clotilda kó nǹkan bí 110 ènìyàn láti ilẹ̀ Dahomey wá sí àgbègbè Mobile. Àwọn tí ń sọ èdè Yorùbá wà nínú wọn, ọ̀kan nínú wọn sì ni Oluale Kossola, tí àwọn ará ibẹ̀ sọ ní Cudjo Lewis. Nígbà tí wọ́n gba òmìnira ní 1865, wọ́n ra ilẹ̀, wọ́n tẹ ìlú tí a ń pè ní Africatown dó, wọ́n fi Gumpa ṣe olórí, wọ́n sì yan ẹni méjì láti máa dá ẹjọ́ láàrín wọn. Ìjọba ìbílẹ̀ tiwọn nìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀ràn Kossola kọjá ààlà ìlú wọn, ọ̀tọ̀ ni ohun tí ojú rẹ̀ rí. Ní 1902, ọkọ̀ rélùwéè kọlù ú, ó sì ṣe é léṣe. Ó pe ilé-iṣẹ́ tí ó ni ọkọ̀ náà lẹ́jọ́ ní Mobile. Ilé ẹjọ́ dá a láre, wọ́n ní kí a san 650 dọ́là fún un. Ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Alabama yí ìdájọ́ náà padà.

Ẹ jẹ́ kí á padà sí Monroeville. Nínú ẹjọ́ ńlá, kì í ṣe adájọ́ ni ó ń sọ bóyá ẹni tí a fi sùn jẹ̀bi. Àwọn ará ìlú 12 tí a ṣà jọ ni ó ń gbọ́ ẹjọ́ náà tí wọ́n sì ń sọ ọ́; àwọn ni à ń pè ní júrì. Ètò yìí dára púpọ̀, nítorí pé ọwọ́ àwọn aládùúgbò ènìyàn ni ọ̀ràn rẹ̀ wà. Ṣùgbọ́n ta ni a ń kà sí aládùúgbò? Ní 1934, a mú aláwọ̀ dúdú kan tí ń jẹ́ Walter Lett wá sí ilé ẹjọ́ yìí, a ní ó fi ipá bá obìnrin aláwọ̀ funfun kan lò pọ̀. Ó ní òun kò jẹ̀bi. Júrì aláwọ̀ funfun ní ó jẹ̀bi, a sì dá a lẹ́jọ́ ikú. Lẹ́yìn èyí, àwọn ará ìlú kan kọ ìwé sí Gómìnà Miller pé ọkàn àwọn kò dá àwọn lójú nípa ẹ̀bi ọkùnrin náà. Gómìnà yí ìdájọ́ ikú padà sí ẹ̀wọ̀n gbére, ṣùgbọ́n orí Lett ti dàrú níbi tí ó ti ń retí ikú. Ó kú ní 1937 láìtún fojú kan òmìnira.

Ní ìgbà tí a gbọ́ ẹjọ́ yìí, ọmọbìnrin kan wà ní Monroeville tí kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́jọ. Harper Lee ni orúkọ rẹ̀. Lọ́yà ni baba rẹ̀, Amasa Coleman Lee, ó sì tún ṣe aṣòfin fún káúńtì náà. Ní 1960, Harper Lee tẹ ìwé ìtàn àròsọ kan jáde, To Kill a Mockingbird, nípa lọ́yà aláwọ̀ funfun kan tí ó gbèjà aláwọ̀ dúdú aláìṣẹ̀, tí júrì sì dá ẹni náà lẹ́bi síbẹ̀síbẹ̀. Ìwé náà gba ẹ̀bùn Pulitzer ní 1961. Nígbà tí a fẹ́ sọ ọ́ di fíìmù, tí ó jáde ní 1962, àwọn oníṣẹ́ fíìmù wá wọn iyàrá ìgbẹ́jọ́ Monroeville, wọ́n sì kọ́ irú rẹ̀ gan-an sí Hollywood. Báyìí ni ilé ẹjọ́ ìgbèríko kan ṣe di ohun tí àwọn ará òkèèrè mọ̀. Ní 1963, a kọ́ ilé ẹjọ́ tuntun sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ti àtijọ́ sì di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni àwọn ará ìlú ti ń ṣe eré ìtàn náà níbẹ̀ lọ́dọọdún, tí wọ́n sì ń mú ènìyàn 12 láàrín àwọn òǹwòran láti jókòó sí àyè júrì.

Òfin náà ń yí padà díẹ̀díẹ̀. Ní 1935, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà sọ pé ó lòdì sí òfin kí Alabama máa fi aláwọ̀ dúdú sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń ṣa júrì. Ní 1965, òfin ẹ̀tọ́ ìdìbò jáde. Ní 1966, ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ sọ pé Alabama kò gbọdọ̀ yọ àwọn obìnrin sílẹ̀ nínú júrì mọ́. Ṣùgbọ́n inú ìwé ni òfin wà, ọwọ́ ènìyàn ni ìṣe wà.

Ní 1986, a pa ọ̀dọ́mọbìnrin aláwọ̀ funfun kan nínú ṣọ́ọ̀bù ní Monroeville. Ní ọdún kejì, a mú Walter McMillian, aláwọ̀ dúdú kan tí ń ṣe iṣẹ́ igi gẹdú. Kí a tó gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ rárá ni a ti fi í sí ọgbà àwọn tí ń dúró de ikú. Níhìn-ín ni ọ̀ràn jíjìnnà àti sísúnmọ́ tún ti wọlé. Ní 1988, a gbé ẹjọ́ náà kúrò ní Monroe, níbi tí àwọn aláwọ̀ dúdú ti pọ̀, a gbé e lọ sí Baldwin, níbi tí wọ́n kéré níye. Nínú júrì 12, aláwọ̀ dúdú kan ṣoṣo ni ó wà. Àwọn ènìyàn jẹ́rìí pé McMillian wà nílé rẹ̀, níbi tí wọ́n ti jọ ń dín ẹja tà, ní àkókò tí ìpànìyàn náà ṣẹlẹ̀. A kò gbà wọ́n gbọ́. Ẹjọ́ náà kò gbà tó ọjọ́ méjì. Júrì ní kí ó lọ sí ẹ̀wọ̀n gbére. Adájọ́ kọ̀ fún wọn, ó dá a lẹ́jọ́ ikú. Agbẹjọ́rò Bryan Stevenson ni ó gbé ọ̀ràn náà dìde. Ó tú àṣírí ẹ̀rí irọ́ tí a fi mú ọkùnrin náà, ẹlẹ́rìí pàtàkì fúnra rẹ̀ sì jẹ́wọ́ pé irọ́ ni òun pa. Ní oṣù kẹta ọdún 1993, McMillian gba òmìnira, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún mẹ́fà. Ní 2017, Alabama ṣe òfin pé adájọ́ kò gbọdọ̀ sọ ẹ̀wọ̀n tí júrì bá fẹ́ di ikú mọ́.

Àwọn àgbà ní, bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á rántí pé ènìyàn kan wà tí ó ń retí ikú lójoojúmọ́ ní gbogbo ìgbà tí òtítọ́ wà lójú ọ̀nà. Ìlú tí ìtàn McMillian ti bẹ̀rẹ̀ ni ìlú tí àwọn àlejò ti ń wo eré nípa aláìṣẹ̀ tí a dá lẹ́bi.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú ìtàn ilé ẹjọ́ yìí kò ṣòro láti rí. Àwọn ará Monroe gbé ilé ẹjọ́ wọn sí àárín káúńtì ní 1832 kí ó lè súnmọ́ gbogbo ènìyàn; ṣùgbọ́n ó pẹ́ gidigidi kí gbogbo ènìyàn tó ní àyè nínú rẹ̀. Ilé ẹjọ́ kì í súnmọ́ ènìyàn nítorí pé ẹsẹ̀ rẹ̀ lè gbé e débẹ̀ nìkan. Ìgbà tí ó bá lè dìbò yan ẹni tí ń ṣe ìdájọ́, tí ó lè jókòó láàrín àwọn tí ń gbọ́ ọ, tí a sì ń gba ẹ̀rí ẹnu rẹ̀ gbọ́ bí ti ẹlòmíràn, ìgbà náà ni ilé ẹjọ́ náà tó di tirẹ̀. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, nígbà tí ẹ bá tún kọjá níwájú ilé ẹjọ́ kan, ẹ má ṣe wo bíríkì àti aago rẹ̀ nìkan. Ẹ béèrè àwọn tí ó wà nínú rẹ̀, kí ẹ sì tún béèrè àwọn tí a fi sílẹ̀ lóde.